Ta ló ń tan iná ọ́fíìsì, ìgbà wo la sì ń fa kọ́tìn? Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ fún ilé kan ní Òṣogbo

Ayàwòrán_ÒkèFìà (Ajé, 9:14 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì alájà méjì sí ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán níbí ní Òṣogbo. Onílé fẹ́ mọ iye iná tí gílóòbù máa jẹ kí ó tó ra ìnfátà àti páànẹ̀lì oòrùn. Mi ò bá a wí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́ fún) dé ₦225 fún yúníìtì kan, gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ló ń béèrè.

Ibi tí mo há sí nìyí. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò ń bi mí pé ìgbà wo làwọn òṣìṣẹ́ máa tan iná, ìgbà wo ni wọ́n máa fa kọ́tìn. Tí mo bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ó gbà pé gbogbo iná ń tàn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá yí i sí ọ̀nà kejì, ó ní bí ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ bá ti tó 500 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) lórí tábìlì, ẹnì kan á dìde lọ pa iná. Ní ti àkọ́kọ́, owó ìnfátà á pa onílé. Ní ti èkejì, àfi bíi pé ilé náà ò nílò gílóòbù.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì mẹ́ta nílùú yìí. Kò sí èyí tó jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni nǹkan ṣe ń lọ níbi tiyín gan-an?

Akọ̀wé_Mẹ́jọSíMẹ́rin (Ajé, 10:02 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Mi ò mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń jókòó sínú yàrá kan náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe ń rí fún wa.

Èèyàn márùn-ún la wà níbẹ̀. Fèrèsé wa kọjú sí ìlà oòrùn. Èmi ni mo sábà ń kọ́kọ́ dé, mo sì máa ń tan iná bí mo bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn, pàápàá tí ojú ọjọ́ bá ṣú. Tí aago mẹ́jọ bá ti kọjá díẹ̀, oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé tààrà, á bà lé ojú kọ̀ǹpútà mi, mi ò ní rí ohun tí mò ń tẹ̀ mọ́. Mo á dìde, mo á fa kọ́tìn pa. Yàrá á wá ṣókùnkùn. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn nídìí kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì á ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá wa tan iná." Tí a ò bá tíì tan án tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn la máa tan án.

Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, oòrùn ti gòkè, kò sí lójú fèrèsé mọ́. Ṣé a máa ṣí kọ́tìn? Rárá. Ṣé a máa pa iná? Rárá. Kálukú ti dorí kọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la máa wà títí a ó fi ṣíwọ́. Oòrùn wákàtí méjì ló ń mú ká tan iná fún wákàtí mẹ́jọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó.

Àfi tí wọ́n bá mú iná lọ. Nígbà yẹn, ẹni tó súnmọ́ fèrèsé á fa kọ́tìn ṣí kíákíá, yàrá á mọ́ kedere. Tí iná bá padà dé, gbogbo ilé á pariwo "Up NEPA!", gílóòbù á tàn lójú ọ̀sán gangan, kọ́tìn náà á wà ní ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó máa dìde lọ pa á.

Ọmọ_Alékúwódò (Ajé, 10:40 àárọ̀)

Ìwọ̀ oòrùn ni wàhálà, ẹ má wo ìlà oòrùn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bó èèyàn láwọ̀. Ẹ ti gbogbo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ yẹn pa nínú àwòrán, ìṣòro ti tán.

Kí ló dé tí ẹ ò tiẹ̀ fi sẹ́ńsọ̀ sí i? Tí kò bá sí èèyàn nínú yàrá, iná á kú fúnra rẹ̀.

Olùkọ́_Ìmọ́lẹ̀ (Ajé, 1:25 ọ̀sán)

Ẹ kú àjọsọ. Iṣẹ́ ilé yíyà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ inú ilé ni mo sì dojú kọ jù. Inú mi dùn sí ohun tí Àǹtí Akọ̀wé kọ yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hunt fi kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò léraléra ṣọ́ àwọn ọ́fíìsì àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní 1979. Ó rí i pé ìgbà tí èèyàn bá ń wọlé àti ìgbà tó bá ń jáde lọwọ́ máa ń kan súíṣì. Láàárín méjèèjì, ṣàṣà lẹni tó ń dìde. Bí yàrá ṣe ṣókùnkùn sí lójú ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń sọ bóyá iná máa tàn: tí ìmọ́lẹ̀ ibi tó ṣókùnkùn jù lórí tábìlì bá ti ń lọ sí abẹ́ 100 lux, ọwọ́ á máa yá sí súíṣì gan-an. Iná kì í sì í sábà kú títí gbogbo èèyàn á fi jáde.

Ti aṣọ fèrèsé ńkọ́? Rubin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ya fọ́tò ojú ilé ọ́fíìsì láti ìta. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ò sí níbẹ̀, wọ́n lọ yí gbogbo bíláìndì padà, wọ́n ká àwọn kan sókè, wọ́n já àwọn mìíràn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ni yàrá dé, ọ̀pọ̀ wọn dá a padà sí bó ṣe wà. 1978 ni wọ́n gbé ìyẹn jáde. Ó fi hàn pé ibi tí aṣọ fèrèsé wà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìbìkítà, èèyàn ti rò ó fún ìgbà pípẹ́ kó tó fi í síbẹ̀, ibi tí fèrèsé kọjú sí ló sì ń darí èrò náà. Ní 1984, Rea wo ilé gogoro kan ní Ottawa, ní Kánádà, òun náà rí i pé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan bíláìndì, oòrùn ìbáà yọ, ìkùukùu ìbáà bò ó.

Orí irú nǹkan báwọ̀nyí ni onímọ̀ mìíràn, Reinhart, gbé ìṣirò tó pè ní Lightswitch-2002 kà. Ọdún 2004 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìṣirò náà ń lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún: ṣé èèyàn wà nínú yàrá? ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni? ìmọ́lẹ̀ mélòó ló wà lórí tábìlì? Tí oòrùn tààrà tó ju 50 wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin bá bà lé ibi iṣẹ́, ẹni náà á já bíláìndì sílẹ̀, kò sì ní ká a sókè títí á fi dé lọ́jọ́ kejì. Ó pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì: àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó tan iná, àtàwọn tí iná wọn ń tàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ayàwòrán, wo inú ètò tí ò ń lò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí irú ìṣirò yìí wà níbẹ̀, kí o má ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn láàárín "gbogbo iná" àti "kò sí iná".

Ó wá ku ti oòrùn. Ọmọ_Alékúwódò, mi ò gbà fún ọ, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò, lọ́ngítíúdì digírì 15 ní ìlà oòrùn (ọ̀kan nínú àwọn ìlà tí wọ́n fà láti àríwá ayé dé gúúsù) ni wọ́n fi ṣe é. Òṣogbo wà ní nǹkan bí 4.6. Digírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí aago wa bá lu méjìlá ọ̀sán, ó ṣì ku bí ìṣẹ́jú méjìlélógójì, ní ìpíndọ́gba, kí oòrùn tó dé góńgó. Ẹni tó wọṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, lójú oòrùn aago méje lé díẹ̀ ló wọlé yẹn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, oòrùn aago mẹ́jọ àárọ̀ níbí kò ga ju nǹkan bí digírì 17 lọ. Ti aago mẹ́rin tí ẹ ń ṣíwọ́ ṣì ga tó digírì 42.

Ẹ fi sórí fèrèsé. Ká ní orí fèrèsé wà ní mítà 2.1, tábìlì sì ga ní mítà 0.75. Oòrùn àárọ̀ yẹn á dé orí tábìlì tó jìnnà sí fèrèsé tó mítà mẹ́rin. Ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ní kọjá mítà kan ààbọ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ooru, òótọ́ lo sọ, ìwọ̀ oòrùn burú jù torí ara ilé àti afẹ́fẹ́ ti gbóná tán kó tó dé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó ń mú èèyàn fa kọ́tìn, ìlà oòrùn ni, àárọ̀ kùtù ló sì ń ṣe é, ìyẹn ìgbà tí ohunkóhun téèyàn bá ṣe máa wà bẹ́ẹ̀ dalẹ́. Ohun tí Àǹtí rí nìyẹn.

Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn ọ̀sán oṣù kẹfà wà lápá àríwá ní nǹkan bí digírì 74, ti oṣù kejìlá wà lápá gúúsù ní 59. Ìgbátí òrùlé tí kò gùn púpọ̀ á dí i, ìdí láti fa kọ́tìn nítorí oòrùn á sì dín kù.

Bàbá_Ìnfátà (Ajé, 7:48 alẹ́)

Olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an, mo kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gba mí láàyè kí n sọ ohun tí àwọn ará Ottawa àti Maryland yẹn ò ní rí, torí iná kì í lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ bó ṣe ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n gbé ìnfátà àti páànẹ̀lì síbi tí wọ́n bá pè mí sí. Oníbàárà kan ní ọ̀nà Ibùdókọ̀ Rélùwéè pè mí pé bátìrì òun ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ alẹ́. Mo lọ síbẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti rí i láti títì pé gbogbo gílóòbù àjà kejì ń tàn. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ó ní láti alẹ́ àná ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n mú iná lọ, bátìrì náà ò sì ní agbára mọ́. Wọ́n ṣí kọ́tìn, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tó di aago mẹ́rin tí wọ́n ń lọ sílé, iná ò tíì dé. Yàrá ò tàn. Kí ni ẹni tó jáde kẹ́yìn máa rí tó máa fi rántí súíṣì? Gílóòbù tí kò tàn kò yàtọ̀ sí gílóòbù tí wọ́n ti pa. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ. Iná dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo ilé tàn yòò láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí iná ìta tún lọ lóru, bátìrì gbé ẹrù náà títí tó fi kú. Kí n tó dé, iná ìta ti padà, gílóòbù sì tún ti tàn.

Ìlànà Hunt pé èèyàn ń pa iná nígbà tó bá ń jáde, òótọ́ ni níbi tí iná bá wà nígbà tí wọ́n ń jáde. Níbí, ìdajì ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ iná ìta.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gílóòbù LED gígùn ogójì ló wà nílé yẹn, oníwáàtì 18. Ogójì lọ́nà 18 jẹ́ 720 wáàtì. Fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́, yúníìtì 5.76 ni. Tí a bá fi ₦225 ti oṣù kẹrin 2024 ṣe é, ₦1,296 lójúmọ́, ₦28,512 fún ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún. Tó bá wá tàn láti aago méje alẹ́ dé méje àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, yúníìtì 8.64 nìyẹn, ₦1,944. Òru kan tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ jẹ iná ju odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ! Ayàwòrán, tí ìṣirò rẹ ò bá ní àyè fún "ṣé iná wà tàbí kò sí", bátìrì tí a máa rà á kéré.

Akọ̀wé_Mẹ́jọSíMẹ́rin (Ajé, 8:30 alẹ́)

Bàbá, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa àìmọye ìgbà.

Mo tún rántí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń ní kí a pa ẹ́síì. Tí ẹ́síì bá kú, a ní láti ṣí fèrèsé. Tí fèrèsé bá ṣí, atẹ́gùn á máa fẹ́ kọ́tìn lu wá lójú, á máa gbá ìwé kúrò lórí tábìlì. Ẹnì kan á dìde, á ká kọ́tìn pọ̀, á so ó ní kókó. Nígbà náà ni ìmọ́lẹ̀ á wá wọlé dáadáa. Mi ò rò ó rí pé ẹ́síì ló ń sọ bóyá a máa nílò gílóòbù.

Ìyá_Kọ́tìn (Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Láti ọdún púpọ̀ ni mo ti ń rán kọ́tìn fún ilé àti ọ́fíìsì ní Ìgbọ̀nà àti Ògo-Olúwa, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Kókó tí Àǹtí Akọ̀wé sọ yẹn, mo máa ń rí i tí wọ́n bá kó kọ́tìn wá fún mi kí n tún un ṣe. Ibi tí wọ́n ń so ní kókó á ti rún, á dúdú fún ọwọ́, á máa dán bí aṣọ tí wọ́n fi epo pa. Ìyókù á mọ́ bí ọjọ́ tí mo gbé e kọ́. Kọ́tìn tí wọn ò sì fọwọ́ kàn rí, oòrùn ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ funfun ní ìlà ìlà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹ́ po. Tí mo bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo mọ èyí tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ àti èyí tó ti di ara ògiri.

Kì í ṣe oòrùn nìkan ló ń mú wọn fa kọ́tìn pa. Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì, ojú èèyàn ni wọ́n ń sá fún. Akápò tó ń ka owó kò ní ṣí i láé. Ibi tí ìyálọ́mọ ti ń fún ọmọ lọ́yàn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyẹn ò ní í ṣe pẹ̀lú aago oòrùn kankan.

Ti bíláìndì olókùn: ẹ wo ibi tí okùn rẹ̀ bọ́ sí. Tó bá bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó parí. Mo ti ká bíláìndì kan sókè níbì kan tí ẹyin ọmọńlé ti lẹ̀ mọ́ ibi tí okùn ń gbà, òwú aláǹtakùn sì so okùn mọ́ ògiri. Wọ́n ní àwọn ò rántí ìgbà tí àwọn fà á kẹ́yìn.

Olùkọ́_Ìmọ́lẹ̀ (Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ mà, Ìyá wa. Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi láàárọ̀ yìí. A máa ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá láti mọ aṣọ fèrèsé tó ń rìn àti èyí tí kì í rìn, oòrùn sì ti kọ ọ́ sára kọ́tìn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá_Ìnfátà, mo gbà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé wíwọlé àti jíjáde ni ẹnu ọ̀nà méjì tí ìṣirò ń gbà. Níbí ó kéré tán, mẹ́rin ni: wíwọlé, jíjáde, iná lọ, iná dé. Méjì tó kẹ́yìn sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ba àwọn ti ìṣáájú jẹ́.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí Ọmọ_Alékúwódò mú wá kò burú, ó lè pa iná òru yẹn. Kí a kàn ṣọ́ra. Pigg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọ́fíìsì kan ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé e jáde ní 1996. Wọ́n rí i pé àwọn tí sẹ́ńsọ̀ wà ní yàrá wọn kì í sábà fọwọ́ ara wọn pa iná mọ́ nígbà tí wọ́n bá jáde, wọ́n ti gbé e lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà á sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó pa á. Ẹ má ṣírò gbogbo èrè tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ayàwòrán, kí o tó kọ nọ́ńbà kankan sínú kọ̀ǹpútà, ṣọ́ ilé kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Dúró sí òdìkejì títì, ya fọ́tò ojú ilé náà ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, mọ́kànlá, méjì, àti mẹ́rin ààbọ̀. Ibi kan náà ni kí o dúró sí nígbà gbogbo. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri níbi tí etí kọ́tìn dé. Kí ẹnì kan nínú ilé máa kọ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé. Gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ná o, má ya ojú ẹnikẹ́ni.

Ayàwòrán_ÒkèFìà (Ìṣẹ́gun, 8:33 àárọ̀)

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ọ́fíìsì wa ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Ẹ máa retí mi.

Ayàwòrán_ÒkèFìà (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́bọ̀, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti dé o. Mi ò ní pe ohun tí mo ṣe ní ìwádìí, yàrá kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan fún yín, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ohun tí ẹ sọ sínú.

Mo dé ní aago méje ààbọ̀. Ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀. Akọ̀wé wa wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́jọ, ó tan iná kí ó tó gbé báàgì sílẹ̀. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, oòrùn là. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan gba abẹ́ kọ́tìn kọjá, ó bà lé tábìlì kejì, ó gun orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ni tábìlì kọ́kọ́ yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó tún sún àga. Ìgbà kẹta ló tó dìde lọ fa kọ́tìn. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a máa ń fara dà á tó báyẹn. Àmì ṣọ́ọ̀kì mi ò yí padà mọ́ títí di aago kan ọ̀sán, nígbà tí iná lọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ́tìn méjì ti ṣí. Mẹ́rin tó kù kò mira. Ìdí wọn ni kọ́bọ́ọ̀dù wà, bí Ìyá_Kọ́tìn ṣe sọ.

Aago mẹ́ta, òjò ṣú bọ̀ láti apá ìlà oòrùn, yàrá dúdú kirikiri. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mi ò retí: ẹni méjì dìde láàárín iṣẹ́ lọ tẹ súíṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná ò sì sí. Ẹnì kìíní tẹ̀ ẹ́, ẹnì kejì tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a ń ṣíwọ́, mo bi gbogbo wọn bóyá súíṣì wà ní títàn tàbí ní pípa. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, títàn ló wà.

Mo ti yí àwòrán ilé náà padà. Ẹ̀gbẹ́ gígùn ti kọjú sí àríwá àti gúúsù. Mo ya súíṣì gílóòbù etí fèrèsé sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀yìn yàrá, torí nínú ọ́fíìsì tí mo mọ̀, súíṣì kan ṣoṣo ló ń tan gbogbo rẹ̀. Tí ẹni tó wà nídìí kọ́bọ́ọ̀dù bá nílò iná, ti etí fèrèsé náà á máa tàn láìnídìí. Nínú ìṣirò, mo ti fi "iná lọ" àti "iná dé" sí i fúnra mi. Iye rẹ̀ bọ́ sáàárín méjèèjì tí mo kọ́kọ́ rí, ó sì súnmọ́ èyí tó pọ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Bàbá_Ìnfátà, ṣé nǹkan wà tó lè jẹ́ kí ẹni tó ń jáde mọ̀ pé súíṣì wà ní títàn nígbà tí iná ò sí? Ìyá_Kọ́tìn, ti yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì, ṣé kọ́tìn kan wà tó lè dí ojú èèyàn láìdí ìmọ́lẹ̀?

Bàbá_Ìnfátà (Ọjọ́bọ̀, 6:04 ìrọ̀lẹ́)

O ṣeun, ọmọ mi, o ṣiṣẹ́. Kì í ṣe nǹkan olówó ńlá. Kí gbogbo súíṣì ilé náà kọ ojú sí ọ̀nà kan náà nígbà tí wọ́n bá ń kàn wọ́n mógiri, òkè ni pípa, ìsàlẹ̀ ni títàn, kí o fi ọ̀dà pupa díẹ̀ kun orí ibi tó máa ń yọ síta nígbà tó bá wà ní títàn. Tí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn bá rí pupa, ó mọ̀. Súíṣì olónà méjì (èyí tí wọ́n fi ń tan iná kan láti ibi méjì) ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ o, má fi í sẹ́nu ọ̀nà. Súíṣì ńlá kan sí ìsàlẹ̀ fún gbogbo gílóòbù, lọ́tọ̀ sí ti fíríìjì àti kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé lè já a sílẹ̀ ní aago mẹ́fà.

Ìyá_Kọ́tìn (Ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́)

Ó wà, ọmọ mi. Má fi kọ́tìn kan ṣoṣo bo gbogbo fèrèsé. Pín in sí méjì. Fi irin kan sí ìdajì fèrèsé, níbi tí ojú ẹni tó ń kọjá lójú títì ò ti lè ga jù ú lọ, kí ti ìsàlẹ̀ nípọn. Ti òkè, fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun sí i tàbí kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akápò á ka owó rẹ̀ ní ìbàlẹ̀ ọkàn, ìmọ́lẹ̀ á sì gba òkè wọlé dé ẹ̀yìn yàrá. Má jẹ́ kí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù síwájú irin náà.

Tí o bá fẹ́, mo lè rán ọ̀kan fún ọ́fíìsì tiyín ná kí o fi dán an wò. Mo ní aṣọ tó kù nílẹ̀. Fi ìwọ̀n fèrèsé ránṣẹ́.

Ayàwòrán_ÒkèFìà (Ọjọ́bọ̀, 8:21 alẹ́)

Ẹ ṣeun mà. Mítà 1.2 ní ìbú, 1.2 ní gíga, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní 0.9 sí ilẹ̀. Màá wá gbà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò níbẹ̀ kí n tó wá.